Ohunkóhun Tó Bá Ṣáà Ti Wúwo

Hull, England
Ọjọ́ 8, Oṣù Kẹwàá, 2006

Ẹ̀gbọ́n mi Nojeem,

Ẹ kú ààwẹ̀, ẹ kú ìrọ́jú. Mo lérò pé ara yín le, pé Aunty Suwebat náà wà dáadáa, àti pé ẹ̀rọ ìránṣọ wọn kò tún dákú mọ́. Èmi wà láàyè, àmọ́ òtútù ibí yìí kò mojú ẹnikẹ́ni. Oòrùn máa ń yọ bí ẹni tí wọ́n fi tipátipá jí, kó tó di ìrọ̀lẹ́ ó ti sá lọ.

Ẹ̀kọ́ náà le. Mo rò pé ẹ̀kọ́ nípa oúnjẹ máa rọrùn torí pé gbogbo wa la ń jẹun, àmọ́ kẹ́místrì ló kún inú rẹ̀ bámúbámú. Àwọn ọmọ kíláàsì mi máa ń dáhùn kí olùkọ́ tó béèrè tán. Èmi náà á mọ ìdáhùn, á dúró sí ọ̀nà ọ̀fun mi títí ẹlòmíì á fi sọ ọ́. Nígbà mìíràn mo máa ń rò pé bóyá ṣe ni wọ́n ṣèèṣì fún mi ní sikọ́láṣíìpù yìí. Orúkọ ni wọ́n sì ń pe olùkọ́ níbí. Olùkọ́ tèmi ń jẹ́ Charles, ẹnu mi kò tíì gbà á. "Sir" ni mò ń pè é, àwọn tó kù ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ìbéèrè yìí. Nígbà tí mo pè lọ́sẹ̀ tó kọjá, Aunty Suwebat ní, "Ẹ̀gbọ́n yín wà, Akọ̀wé. Ẹ ṣáà máa bá wa ṣàdúrà." Mo béèrè pé àdúrà kí ni, fóònù gé. Mi ò mọ bí mo ṣe máa kọ èyí. Láti ìgbà tí ẹ ti kúrò ní ilé ìtọ́jú yẹn ní Ìṣẹ̀rì Olówóra ni mo ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹ ṣáà sọ fún mi pé gbánà, oògùn olóró yẹn, kò tún sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Tí mo bá ṣì yín rò, ẹ foríjì mí.

Àbúrò yín,
Dámiláre


Ketu, Èkó
Ọjọ́ 2, Oṣù Kọkànlá, 2006

Dámiláre, àbúrò mi,

Ẹ̀yìn ìtúnu ààwẹ̀ ni lẹ́tà rẹ dé. Wọ aṣọ tó nípọn. Tí o bá sì mọ ìdáhùn, sọ ọ́ jáde, ṣé wọ́n máa jẹ ẹ́ ni?

Gbánà kò sí nínú ẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti jáde, mi ò fọwọ́ kàn án, mi ò sì fojú kan Mùkáílà tó fi í mọ̀ mí. Mo ń jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù Suwebat, mò ń ta káàdì fóònù lábẹ́ agboòrùn. Ọ̀rọ̀ mìíràn ló ṣẹ́kù, òun ló sì jẹ́ kí n máa kọ̀wé dípò kí n pè ọ́. O mọ ilé tí à ń gbé. Tí mo bá wúkọ́ ní yàrá wa, ẹni tó wà ní yàrá ìkangun á ní kí n pẹ̀lẹ́. Ní kafé tí wọ́n ti ń lo kọ̀ǹpútà náà, ẹni tó jókòó lẹ́yìn mi ló máa kọ́kọ́ ka ohun tí mo bá tẹ̀.

Dámiláre, mi ò lè ṣe ọkọ. Ó ti pẹ́. Nígbà tí mò ń mu gbánà, mo mọ̀ pé òun ló fà á, mo ní tí mo bá jáwọ́ á padà. Mo jáwọ́, kò padà. Láti òwúrọ̀ ni ó ti máa ń rẹ̀ mí. Apá mi ti rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù, ikùn ń yọ, inú sì ń bí mi láìnídìí. Suwebat á kọjú sí ògiri, á ní ẹ̀rọ ìránṣọ ló jẹ́ kí ara máa ro òun. Kí ojú má bàa tì mí ló ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀, ìyẹn gan-an ló sì ń tì mí lójú jù. Àwọn ará ilé rẹ̀ ti ń béèrè ọmọ. Shittu, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wá láti Ifákọ̀. Ó jẹun, ó yin ọbẹ̀, nígbà tó fẹ́ dìde ó ní, "Nojeem, a ò fi àbúrò mi ṣe ohun ẹ̀ṣọ́ ilé fún ẹ o."

Dókítà kan ní kí n ṣe tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀. Ó ní họ́mónù tó ń mú ọkùnrin jẹ́ ọkùnrin ti lọ sílẹ̀ lára mi, pé gbánà ló jẹ ẹ́, àmọ́ ó lè padà tí mo bá ń jẹun dáadáa tí mo sì ń ṣe eré ìdárayá. Kí n tó bi í pé oúnjẹ wo, eré wo, ó ti pe ẹni tó kàn. Ìwọ lò ń kàwé oúnjẹ. Sọ fún mi. Má sọ fún ẹlòmíì.

Nojeem


Hull
Ọjọ́ 20, Oṣù Kọkànlá, 2006

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo ka lẹ́tà yín tán, mo tún un kà. Inú mi dùn pé kì í ṣe ohun tí mo rò, ojú sì tì mí pé mo rò ó. Ọdún kìíní ni mo wà, ẹ̀gbọ́n mi, a kò tíì dé orí họ́mónù. Àmọ́ mo lọ sí ilé ìkàwé, mo sì béèrè lọ́wọ́ Charles. Mi ò dárúkọ yín, mo ní "ọkùnrin kan." Ohun tí mo rí nìyí. Tí ibì kan nínú rẹ̀ bá tako ọ̀rọ̀ dókítà yín, ti dókítà ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Oògùn bíi gbánà máa ń dí ọ̀nà tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí ẹpọ̀n pé kó ṣe họ́mónù náà. Tí èèyàn bá jáwọ́, ọ̀nà náà lè là padà, àmọ́ ó máa ń pẹ́, ó lè gba ọ̀pọ̀ oṣù. Kì í ṣe èpè. Kò sì sọ pé ẹ kì í ṣe ọkùnrin mọ́.

Gàrí tí ẹ fẹ́ràn láti máa fi ṣúgà mu lọ́sàn-án, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dín in kù. Ẹ̀wà ni kí ẹ máa jẹ, àti ẹja ṣáwá, kò wọ́n. Ẹyin náà, bí agbára bá ká a. Mo mọ̀ pé wọ́n á ní ẹyin ń fa jẹ̀dí. Mi ò rí i nínú ìwé kankan. Ẹ̀gúsí dára gan-an, edé náà dára, torí èròjà kan tí wọ́n ń pè ní síǹkì wà nínú wọn, ara kò sì lè ṣe họ́mónù náà láìsí i. Kí ẹ máa sùn dáadáa, inú oorun ni ara ti ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Tí àwọn èèyàn bá sì gbọ́ ohun tó ń ṣe yín, paraga ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé fún yín. Ẹ má mu àgbo kankan tí wọ́n fi ọtí rẹ, ohun yòówù kí wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Ọtí ń fa họ́mónù náà wálẹ̀ ni, ẹ̀yin sì tún... ẹ mọ ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ní ti eré ìdárayá, rírìn dára, àmọ́ gbígbé nǹkan wúwo ló dára jù, kí iṣan itan àti ti ẹ̀yìn lè ṣiṣẹ́. Irin ni wọ́n ń gbé níbí, nínú yàrá tó ní dígí yíká. Kò pọn dandan kó jẹ́ irin. Ohunkóhun tó bá ṣáà ti wúwo náà ni, ara kò mọ̀yàtọ̀. Tí ẹ bá gbé e lónìí, kí ẹ sinmi lọ́la.

Mo ti kọ̀wé jù. Ta ni mí tí mo fi ń kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń gbé nǹkan, ẹ̀yin tí ẹ ru àpò ní ọjà Mile 12 kí n tó lè parí sẹ́kọ́ńdìrì? Tí mo bá ṣì í sọ, ẹ foríjì mí.

Dámiláre


Ketu
Ọjọ́ 7, Oṣù Kìíní, 2007

Àbúrò mi,

O kú ọdún Iléyá, o kú ọdún tuntun. Ìwé rẹ ti di òfin nínú ilé wa. Suwebat lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó fi kàlẹ́ńdà bò ó kí àlejò má bàa rí i. Ó ń se ẹ̀wà títí ìdí mi fi di fèrè. Nígbà Iléyá, mo jẹ ẹran bí ọba, mo ní síǹkì ni. Shittu wá bá wa ṣọdún, ó rí ẹyin nínú àwo mi.

Ó ní, "Àgbàlagbà bí ìwọ ló ń jẹ ẹyin báyìí? Jẹ̀dí ò ní pa ẹ́?"

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ bi England."

Ní ti ohun tó wúwo, mo kọ́kọ́ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń gbé irin ní Ìkòsì. Àwọn ọmọ àná ló kún ibẹ̀, wọ́n bọ́ ẹ̀wù, wọ́n ń wo ara wọn nínú dígí. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Daddy, ẹ rọra o, kí ẹ̀yìn yín má já." Mi ò padà síbẹ̀. Mo ti rí ohun tó wúwo ju irin wọn lọ, òun ni mò ń gbé láràárọ̀. Apá mi ti ń le padà. O tọ̀nà, ara kò mọ̀yàtọ̀.

Suwebat kí ẹ. Mùkáílà náà kí ẹ, ó ní ṣé o ṣì ń bẹ̀rù ajá.

Tètè kọ̀wé.

Nojeem


Hull
Ọjọ́ 29, Oṣù Kìíní, 2007

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ọdún o, ẹ̀mí yín á ṣe púpọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Bọ̀dá Shittu àti ẹyin pa mí lẹ́rìn-ín débi pé Reuben, tí yàrá rẹ̀ kángun sí tèmi, kan ilẹ̀kùn kó lè mọ̀ bóyá mò ń sunkún.

Inú mi dùn gan-an, mo sì sọ ọ́ ní kíláàsì. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí màá la ẹnu láìjẹ́ pé wọ́n bi mí. Mo ní mo mọ ọkùnrin kan ní Èkó tó jáwọ́ nínú oògùn olóró, tó ń fi ẹ̀wà àti ẹja àti eré ìdárayá tún ara rẹ̀ ṣe. Charles ní ohun tí ẹ̀kọ́ wà fún gan-an nìyẹn. Mo rìn délé nínú yìnyín láìmọ̀ pé mi ò dé fìlà.

Mo rí i pé Bọ̀dá Mùkáílà kí mi. Ẹ bá mi kí wọn. Mi ò fẹ́ béèrè ibi tí ẹ ti pàdé, ọ̀rọ̀ àgbà ni. Mo kàn ní kí n sọ pé... kò burú. Ẹ mọ ohun tí ẹ ń ṣe jù mí lọ. Ṣé ẹ ń rí oorun sùn? Ṣé ẹ ń sinmi?

Dámiláre


Ketu
Ọjọ́ 11, Oṣù Kẹta, 2007

Akọ̀wé, ọkọ mi,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi Suwebat ló yẹ kó kọ ìwé yìí. Ìyàwó kì í fẹjọ́ ọkọ sun àbúrò ọkọ. Ẹ bá mi fi ṣe àṣírí.

Láti ìgbà tí ìwé yín ti dé ni ẹ̀gbọ́n yín ti padà sí Mile 12. Ilẹ̀ kì í mọ́ bá a nílé. Nígbà tí àwọn tírélà tó ti òkè Ọya wá bá ń já tòmátì àti àlùbọ́sà, ó ti wà nídìí wọn pẹ̀lú òṣùká. Mo ní, "Bàbá, ṣebí a ti fi iṣẹ́ aláàárù sílẹ̀?" Ó ní, "Dámiláre ló ní kí n máa gbé ohun tó wúwo." Ó fọwọ́ tọ́ka sí ìwé yín lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó sì wà níbẹ̀ lóòótọ́: ohunkóhun tó bá ṣáà ti wúwo. Kí ni mo fẹ́ sọ? Ẹni tó wà ní yunifásítì ló kọ ọ́.

Ó kọ́kọ́ dára. Apá rẹ̀ le, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ má bínú, kò yẹ kí n sọ èyí fún yín, ó tiẹ̀ ní ìgbà kan tí mo rò pé àdúrà ti gbà. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Kò sinmi. Ẹ̀wà tí mo bá sè ń kan sínú ìkòkò. Ó ní paraga làwọn aláàárù fi ń mú ara dúró. Mo ní ṣé ìwé Akọ̀wé kò ní kó má mu ún? Ó ní ìwé kò ru àpò rí.

Lọ́sẹ̀ yìí, mo fẹ́ fọ ṣòkòtò rẹ̀, mo bá bébà fàdákà nínú àpò rẹ̀, iná ti jó o dúdú. Mo mọ ohun tí wọ́n ń fi irú bébà yẹn fà. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Tí ẹ bá lè pàṣẹ fún un, ẹ pàṣẹ. Èmi ò lè ṣe é, ìyàwó ni mí. Ẹ̀gbọ́n mi ti ní kí n máa bọ̀ ní Ifákọ̀. Mo ní kí n rán aṣọ oníbàárà tó wà nílẹ̀ tán ná.

Suwebat


Hull
Ọjọ́ 24, Oṣù Kẹta, 2007

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo pe fóònù yín títí, kò wọlé. Mi ò ní sọ ẹni tó sọ fún mi, ẹ má sì bi ẹnikẹ́ni.

Kí ló dé? Mo kọ ọ́ pé kí ẹ sinmi. Mo kọ ọ́ pé kí ẹ má mu ọtí. Mo ti padà sí ilé ìkàwé, ó wà níbẹ̀ pé iṣẹ́ àṣekúdórógbó láìsinmi àti láìjẹun tó tún máa ń fa họ́mónù náà wálẹ̀ ni. Kì í ṣe ohun tí mo ní lọ́kàn nìyẹn. Kẹ́ẹ̀gì omi ni mo ní lọ́kàn, nínú yàrá yín, kí Aunty Suwebat máa wò yín. Kí ló dé tí ẹ kò sọ ibi tí ẹ ti ń gbé e fún mi? Charles ń béèrè ọkùnrin ti Èkó lọ́wọ́ mi níwájú gbogbo kíláàsì. Mo ní ó wà dáadáa. Ẹ̀yin lẹ sọ mí di onírọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, tí kò bá ní bí yín nínú, bóyá kí ẹ rò ó wò bóyá ẹ lè dín lílọ sí Mile 12 kù. Mi ò fẹ́ kó dà bíi pé mò ń pàṣẹ fún yín.

Dámiláre


Ìṣẹ̀rì Olówóra
Ọjọ́ 13, Oṣù Karùn-ún, 2007

Dámiláre,

Ibi tí mo ti jáde ni mo tún wà. Ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi rìn wọlé, kò sẹ́ni tó fà mí wá. Suwebat ti lọ sí Ifákọ̀. Kò bá mi jà. Mo délé, mo rí i pé ẹ̀rọ ìránṣọ kò sí lójú fèrèsé mọ́, mo mọ̀ pé kì í ṣe ìbẹ̀wò ló lọ. Ó fi ìkòkò ẹ̀wà sílẹ̀ lórí sítóòfù. Ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

O ní mo sọ ẹ́ di onírọ́. O kú iṣẹ́. O tún ní kí ló dé tí mi ò sọ fún ẹ. Èwo ni kí n sọ? Ọdún tí o fẹ́ ṣe WAEC ni ẹ̀yìn mi yẹ̀ lábẹ́ àpò àlùbọ́sà. Baba wa ti kú, màmá wa ti kú, mi ò lè dùbúlẹ̀. Mùkáílà ní, "Fa èyí. O ò ní mọ̀ pé o ní ẹ̀yìn." Òótọ́ ló sọ. Mi ò mọ̀ pé mo ní ẹ̀yìn títí o fi parí. Mi ò sọ èyí kí o lè sunkún. Mo sọ ọ́ kí o lè mọ̀ pé inú àpò kan náà ni ẹrù àti gbánà wà lọ́dọ̀ tèmi. O kọ ọ́ pé ara kò mọ̀yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, tèmi kò mọ̀ ọ́n. Gbàrà tí òṣùká bá ti kan àtàrí mi, ọ̀fun mi á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tó máa ń tẹ̀ lé e.

Mo ka ìwé rẹ fún dókítà ibí. Ó ní kò sí irọ́ nínú rẹ̀. Ẹ̀wà dára, ẹyin dára, irin dára. Ó ní ẹni tó kọ ọ́ kàn gbàgbé ẹni tó ń kọ ọ́ sí ni.

Kì í ṣe ìyẹn ló dùn mí jù. O rí orúkọ Mùkáílà nínú lẹ́tà mi. Mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ ni. Mi ò tíì fa nǹkan kan nígbà yẹn, àmọ́ a ti jọ ń jókòó lórí àpò lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ̀rù ara mi sì ti ń bà mí. Suwebat kò lè jágbe mọ́ mi. Shittu, ṣe ló máa kó àbúrò rẹ̀ lọ. Mo ní, tí Dámiláre bá fojú kan orúkọ yìí, á jágbe. Mo ń retí lẹ́tà rẹ bí ẹni ń retí ọlọ́pàá. Ó dé, mo já a lórí ìdúró. "Ẹ mọ ohun tí ẹ ń ṣe jù mí lọ."

Àbúrò mi, mi ò mọ ohun tí mò ń ṣe. Ọjọ́ yẹn ni mo gba bébà lọ́wọ́ Mùkáílà.

Ọ̀wọ̀ rẹ pọ̀, Dámiláre. Nínú gbogbo ohun tí mo ti rù, òun ló wúwo jù.

Òṣùká mi ló wà nínú páálí yìí. Alhaja Labeebah, onílé wa, ń bọ̀ wá wo ọmọ rẹ̀ ní England, òun ló bá mi mú un. Ìró màmá wa ni mo fi ká a nígbà náà lọ́hùn-ún. Mo mọ̀ pé àkísà pọ̀ ní Mile 12, mo lè ká òmíràn. Àmọ́ èyí ló mọ orí mi. Kì í ṣe ẹ̀bùn. Mi ò kàn fẹ́ kó wà níbi tí ọwọ́ mi lè tó o ni.

Nojeem


Hull
Ọjọ́ 3, Oṣù Kẹfà, 2007

Ẹ̀gbọ́n mi,

Òṣùká dé. Òórùn àlùbọ́sà àti òógùn rẹ̀ ti gba gbogbo yàrá. Reuben béèrè pé kí ni, mo ní ohun tó gbé mi dé ibí ni. Mo ti sọ fún Charles pé ọkùnrin ti Èkó kò rí bí mo ṣe wí.

Mo kọ́kọ́ kọ lẹ́tà gígùn kan láti fi bẹ̀ yín. Nígbà tí mo kà á, ọ̀rọ̀ nípa ara mi ló kún inú rẹ̀. Mo fà á ya.

Ẹ má padà sí Mile 12. Mi ò ní kí ẹ dín in kù, mo ní kí ẹ má padà síbẹ̀. Tí Mùkáílà bá wá kí yín, ẹ má jáde sí i. Ẹ má gbé ohunkóhun lé orí mọ́ láyé yín. Ẹ jẹ oúnjẹ tí wọ́n bá gbé síwájú yín, ẹ sùn, ẹ máa rìn yíká ọgbà. Tí dókítà bá ní kí ẹ gbé irin, ìṣojú rẹ̀ ni kí ẹ ti gbé e. Mo ti kọ̀wé sí Aunty Suwebat ní Ifákọ̀. Wọn kò tíì fèsì. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n má fèsì.

Ẹ lè kà á dé ibí, kí ẹ ní ọmọ yìí ti gòkè òkun, kò mọ àgbà mọ́. Ẹ bínú. Ẹ kọ ìbínú náà sínú lẹ́tà, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, kí n lè mọ̀ pé ẹ ṣì wà níbẹ̀.

Òṣùká wà lórí tábìlì mi, lórí ìwé oúnjẹ. Kò ní padà wá bá yín.

Dámiláre